Ẹ̀rọ tí kì í sinmi ìwé kíkà: kí ni NELL fi hàn nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kó ìmọ̀ jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Àkàndé Oníwèé kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò fínnífínní. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ka gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti di ọlọ́gbọ́n. Ọ̀nà tó gbà sọ ohun tó kà di ìmọ̀, àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kì í sábà wọ inú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni NELL, ìyẹn Never-Ending Language Learner, ẹ̀rọ tó ń kọ́ èdè láìdúró. Ní oṣù Kínní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon, nílùú Pittsburgh lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tom Mitchell ni ó ṣáájú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ̀rọ náà ni pé kí ó máa ka ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, kí ó máa yọ òótọ́ inú wọn jáde sínú àká ìmọ̀ kan, kí ó sì jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni yóò máa mọ̀wé kà ju ti àná lọ.

Wọn kò rán an ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n fún un ní ẹ̀ka 123, irú bí ìlú, ilé-iṣẹ́, eléré ìdárayá àti ẹranko, wọ́n sì fi oríṣi ìbátan 55 kún un, irú èyí tó wà láàárín eléré ìdárayá àti ẹgbẹ́ tí ó ń ṣeré fún. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún un ní àpẹẹrẹ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n wá kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 ojú-ewé tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí: bí wọ́n bá ti sọ fún un pé Pittsburgh jẹ́ ìlú, yóò wá gbogbo gbólóhùn tí orúkọ náà ti jẹyọ, yóò ṣàkíyèsí irú ọ̀rọ̀ tó máa ń yí i ká, yóò sì fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ṣe bátànì tí yóò máa fi wá orúkọ ìlú mìíràn. Àwọn orúkọ tuntun tí ó bá rí yóò tún fi bátànì tuntun hàn án, bátànì tuntun yóò tún mú orúkọ wá, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa bá a lọ láìdúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ 67, àká náà ti ní ohun tó lé ní 242,000 tí ẹ̀rọ náà gbà gbọ́, àwọn onímọ̀ náà sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 74 nínú 100 ló tọ̀nà. Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó jókòó tì í láti máa tọ́ka ọ̀rọ̀ fún un ló ṣe èyí, ìwúrí ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín àkókò náà sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n rí i pé nínú ohun tí ó gbà gbọ́ ní ìdá àkọ́kọ́, 90 nínú 100 ló tọ̀nà. Ní ìdá kejì, ó di 71. Ní ìdá kẹta, ó já sí 57.

Ìbéèrè mi nìyí: bí ẹ̀rọ bá ń kàwé sí i, tí ohun tuntun tó ń gbà gbọ́ sì túbọ̀ ń jìnnà sí òótọ́, ṣé a lè sọ pé ó ń kẹ́kọ̀ọ́? Kí ló sì yẹ kí àwa tí a fẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ka Yorùbá rí mú níbẹ̀?

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń to kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé kíkà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan kí n tó sọ tèmi. Kí ló dé tí ìdá kẹta fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn ojú-ewé tí ó kà lẹ́yìn ni kò dára ni, àbí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló yí padà? Nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìwọ̀nyẹn, ìtọ́jú wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Fọláhàn fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ìbéèrè yín ló bọ́ sí ojú ọ̀rọ̀ gan-an. Ojú-ewé kan náà ni ó ń kà padà. Ohun tí ó ti gbà gbọ́ ni ó yí padà, ohun tí ó sì ti gbà gbọ́ ni ojú tí ó fi ń kàwé. Lóòótọ́, ohun tó rọrùn ni ó máa ń kọ́kọ́ rí, tí ohun tó ṣòro á wá kù, ṣùgbọ́n ìdí tó wúwo jù ni pé àṣìṣe kan máa ń bí òmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mitchell ṣàlàyé àpẹẹrẹ kan fún ìwé ìròyìn New York Times ní ọdún 2010 tí mo rò pé ó tó wa láti lóye rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀ka tí NELL ní, ọ̀kan wà fún ohun jíjẹ tí wọ́n ń yan nínú ààrò, bíi búrẹ́dì, kéèkì àti bisikíìtì. Ó ń ṣe dáadáa níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe bisikíìtì, ìyẹn "cookies", náà ni wọ́n ń pe àwọn fáìlì kéékèèké tí ojú-òpó máa ń fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ ẹni tó bá ṣí i. NELL rí orúkọ náà, ó sì fi fáìlì íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sí àárín búrẹ́dì àti kéèkì. Ó ti ka gbólóhùn kan tí ẹnì kan ti sọ pé òun pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ òun, nítorí náà, nígbà tí ó rí i tí ẹlòmíràn kọ ọ́ pé òun pa àwọn fáìlì òun rẹ́, ó gbà pé fáìlì náà jẹ́ ohun jíjẹ tí wọ́n ń yan. Láti ibẹ̀, ohunkóhun tí ènìyàn bá lè pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ti ní ọ̀nà àtiwọ ẹ̀ka oúnjẹ.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn tí ó kà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i. Òótọ́ ni pé ẹnì kan pa fáìlì rẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà ti gbà gbọ́ ṣáájú ló sọ gbólóhùn òótọ́ di ẹ̀rí fún irọ́. Ohun tó tún mú un le ni pé nínú NELL àkọ́kọ́ yẹn, ohun tí ẹ̀rọ bá ti gbé wọ inú àká gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́, kì í yọ ọ́ kúrò mọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Ó yé mi wàyí. Ẹni tó ń to bíríkì lé orí bíríkì tí kò gbẹ ni ẹ̀rọ náà jọ. Bí ògiri bá ti ń ga ni yóò máa wọ́, bí bíríkì tó ń gbé lé e lẹ́yìn tilẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn kò lè ṣàìmọ̀ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe láti dènà rẹ̀?

Fọláhàn fèsì pé:

Wọ́n mọ̀, Màmá, kódà ìdènà yẹn gan-an ni kókó iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n so ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ra wọn, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹ̀rọ ń kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àwọn ẹ̀ka kan kò lè gba ohun kan náà pọ̀: ohun tó bá jẹ́ ìlú kò lè jẹ́ eléré ìdárayá. Nítorí náà, bí ẹ̀rí bá ń fa orúkọ kan lọ sí ẹ̀ka méjèèjì, ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ọ̀kan nínú ẹ̀rí òun kò dára. Bákan náà, ìbátan kọ̀ọ̀kan mọ irú ẹni tí ó ń gbà: bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sọ pé lágbájá ń ṣeré fún tàmẹ̀dù, lágbájá gbọ́dọ̀ ti jẹ́ eléré ìdárayá, tàmẹ̀dù sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ eléré.

Ohun tó tún wù mí jù lọ nínú rẹ̀ ni pé òǹkàwé tó wà nínú NELL ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ń wo ọ̀rọ̀ tó yí orúkọ ká nínú gbólóhùn. Èkejì kò bìkítà fún gbólóhùn. Àwọn orúkọ tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ara wọn lójú-ewé kan náà ni ó ń wò, nítorí pé bí mẹ́ta nínú wọn bá jẹ́ ìlú, àfàìmọ̀ ni kí àwọn tó kù má jẹ́ ìlú. Ẹ̀kẹta ń wo bí orúkọ fúnra rẹ̀ ṣe rí, irú lẹ́tà tí ó fi bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe parí. Ẹ̀kẹrin kì í ka ojú-ewé rárá: inú àká ni ó ń wò, tí ó ń fi ohun tó wà níbẹ̀ ṣe òfin, bíi pé bí eléré kan bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, tí ẹgbẹ́ náà sì wà nínú líìgì kan, inú líìgì yẹn ni eléré náà ti ń ṣeré. Kí ohun kan tó di ìgbàgbọ́, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yìí dá a lójú gan-an, kí ìdánilójú rẹ̀ ju 0.9 lọ, tàbí kí méjì sí mẹ́ta fẹnu kò lé e lórí bí ìdánilójú wọn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàwé yàtọ̀ síra, ó ṣòro kí gbogbo wọn jọ ṣe àṣìṣe kan náà.

Síbẹ̀, bí Ẹ̀gbọ́n Àkàndé ti kà á fún wa, ìwọ̀n òótọ́ rẹ̀ já sí 57. Ìsopọ̀ yìí dín ìṣìnà kù, kò mú un kúrò. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i: lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fa igi lé àṣìṣe tó bá hàn gbangba.

Oyèníyì K. fèsì pé:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ takò yín díẹ̀. Iṣẹ́ ayé ìgbà kan ni NELL. Lóòótọ́ ó dàgbà gan-an: nígbà tó fi máa di ọdún 2018, ohun tó wà nínú àká rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 120, pẹ̀lú ìwọ̀n ìdánilójú lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré àti èyí tó ga. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, GPT-3 jáde, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, èyí tí wọ́n fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 300 ègé ọ̀rọ̀ kọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni to ẹ̀ka 123 fún un, láìsí àpẹẹrẹ mẹ́wàá-mẹ́wàá, láìsí òfin kankan nípa ìlú àti eléré ìdárayá. Wọ́n kàn ní kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ tó kàn nínú gbólóhùn ni, òun náà sì mọ̀ pé ìlú ni Pittsburgh.

Ẹ má sì gbàgbé pé irú àríyànjiyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1984 ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Doug Lenat, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Cyc ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ ìmọ̀ ojoojúmọ́ sínú ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún. NELL gbìyànjú láti gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ yẹn. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti wá gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí tó ṣẹ́kù. Kí ló dé tí a tún fẹ́ padà sí ibi tí ènìyàn ti ń yẹ ẹ̀ka wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún?

Àkàndé Oníwèé fèsì pé:

Àbúrò, mo gbọ́ yín, ẹ sì ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sí àkòrí. Kíkàwé láìdúró ni à ń sọ. Àwọn ẹ̀rọ ńlá òde òní kì í kàwé láìdúró. Wọ́n á kó ọ̀rọ̀ jọ títí di ọjọ́ kan, wọ́n á fi kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n, àfi bí ẹnì kan bá gbé e ka iwájú rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá fún un ní ọ̀nà àtiwá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wíwá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dáhùn ìbéèrè ẹnì kan kò sì jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú kíkọ́ ọ: bí ìbéèrè bá ti parí, ohun tí ó kà kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn náà hàn. Láti ọdún 1989 ni àwọn olùwádìí méjì, McCloskey àti Cohen, ti fi hàn pé bí a bá kọ́ irú ẹ̀rọ tí ìmọ̀ rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà yìí ní ohun tuntun lẹ́yìn tí ó ti mọ ti àtijọ́, ti tuntun lè pa ti àtijọ́ rẹ́. Oríṣiríṣi ọgbọ́n ni wọ́n ti dá sí i láti ìgbà yẹn, síbẹ̀ ìṣòro náà kò tíì tán. Ní ti NELL, ohun tí ó mọ̀ lánàá wà nínú àká lọ́tọ̀, ohun tí ó kà lónìí kò lè fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.

Lọ́nà kejì, bí NELL bá sọ pé fáìlì jẹ́ oúnjẹ, ẹ lè ṣí àká náà, ẹ ó rí gbólóhùn tí ó tì í débẹ̀, ẹ ó rí bátànì tí ó lò, ẹ ó sì fa igi lé e. Bí ẹ̀rọ òde òní bá sọ irọ́ kan fún yín, ibo ni ẹ ó ti fa igi? Inú ẹgbàágbèje nọ́ńbà ni ohun tí ó mọ̀ wà, kò sì sí èyí tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó ru irọ́ náà.

Fọláhàn fèsì pé:

Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un tó jẹ mọ́ ọjọ́ òní gan-an. Nígbà tí NELL bẹ̀rẹ̀, ènìyàn ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń kà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń kọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ mìíràn yóò kà lọ́la. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Nature, tí Shumailov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, èyí tó fi hàn pé bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kan kọ kọ́ ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, láti ìran dé ìran, ohun tí kò wọ́pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ pòórá nínú ìmọ̀ wọn, nígbà tó bá yá, ọ̀rọ̀ wọn yóò dàrú. Ohun tó bá fáìlì inú ẹ̀ka oúnjẹ náà nìyí, àfi pé ní báyìí, àṣìṣe náà ń jáde kúrò nínú ẹ̀rọ kan, ó ń wọ ojú-ewé, ó sì ń ti ibẹ̀ wọ ẹ̀rọ mìíràn.

Fún èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè pẹ́ kí èyí tó hàn. Fún èdè bíi tiwa, kò ní pẹ́. Àwọn onímọ̀ tó lé ní àádọ́ta jọ yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wò, ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2022: ó kéré tán, àkójọ 15 ni wọn kò rí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé lò nínú rẹ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n kọ orúkọ èdè kan sí lára, tí ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe èdè náà. Ẹ̀rọ tó bá ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìdúró, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò máa kó jọ láìdúró.

Oyèníyì K. fèsì pé:

Mo gba ti ọ̀rọ̀ àká àti igi fífà. N kò tíì gbà pé kí a kọ ẹ̀rọ òde òní sílẹ̀, nítorí pé òǹkàwé tó dára ni. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé mẹ́rin tí Fọláhàn sọ, kí ó máa dábàá, kí àwọn yòókù sì máa yẹ àbá rẹ̀ wò?

Fọláhàn fèsì pé:

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ó sì bá ètò NELL mu. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn tó ń yẹ àbá rẹ̀ wò jẹ́ irú rẹ̀. Bí òǹkàwé mẹ́ta bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan náà kọ́, ìfẹnukò wọn kò ju ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo lọ.

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Ẹ ti dé ibi tí mo ń retí. Ní ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa bátànì, èmi mú bírò, mo sì gbìyànjú láti ṣe bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe ṣe lórí Yorùbá. Mo mú ẹ̀ka ìlú. Mo ní kí àpẹẹrẹ mi jẹ́ Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Bátànì tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ti oyè ọba: Ọọ̀ni ti Ifẹ̀, Aláàfin ti Ọ̀yọ́, Olúbàdàn ti Ìbàdàn. Ó dára, ó sì pọ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó bá ti wà lẹ́yìn "ti" nínú orúkọ oyè ọba, ìlú ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Aláké ti Ẹ̀gbá. Awùjalẹ̀ ti Ìjẹ̀bú. Ọwá Obòkun ti Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀gbá kì í ṣe ìlú, àwọn ènìyàn ni, Abẹ́òkúta ni ìlú wọn. Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ìlú, Iléṣà ni ìlú. Bátànì kan náà, gbólóhùn tó tọ́, ìwé ìròyìn tó ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ̀rọ náà sì ti ṣìnà. Bí ó bá ti wá gbà pé ìlú ni Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá, yóò wò ó pé níbòmíràn, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá. Yóò fi ìyẹn ṣe bátànì tuntun, yóò sì kó Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà wọ inú ẹ̀ka ìlú pẹ̀lú. Ìgbésẹ̀ kejì péré nìyẹn.

Àkàndé Oníwèé fèsì pé:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ẹ fi bírò ṣe yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìṣìnà ìtumọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wa jù báyìí lọ.

Bí a bá tẹ̀ lé ọgbọ́n NELL, ohun tí a máa ṣe ni pé a máa dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ fún àwọn ìran ọmọ Yorùbá, a ó sì sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tó bá wà níbẹ̀ kò lè wà nínú ẹ̀ka ìlú. Ìyẹn yóò gba Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà là. Ṣùgbọ́n Oǹdó ńkọ́? Ìlú ni Oǹdó, ìran ni, ìpínlẹ̀ sì tún ni. Ọ̀yọ́ náà bẹ́ẹ̀. Bí òfin náà bá le jù, yóò lé òótọ́ jáde pẹ̀lú irọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn sì wà níbẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì. Ẹ̀rọ tó bá rí "Ogun" láìsí àmì kò mọ̀ bóyá òrìṣà ni, bóyá odò tó gba Abẹ́òkúta kọjá ni, bóyá ìpínlẹ̀ ni, tàbí ìjà láàárín orílẹ̀-èdè méjì.

Fọláhàn fèsì pé:

NELL náà bá irú ìyẹn pàdé lédè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí orúkọ kan náà ti lè jẹ́ èso àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà tó yá ni pé wọ́n ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà: nínú àká, Oǹdó ìlú yóò ní àyè tirẹ̀, Oǹdó ìpínlẹ̀ yóò ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì á sì jọ máa jẹ́ orúkọ kan. Òfin pé ìlú kò lè jẹ́ ìran yóò wá máa ṣiṣẹ́ lórí ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà, kò ní ṣiṣẹ́ lórí orúkọ. Ní ti àmì ohùn, ọgbọ́n yìí kan náà ló bá a mu: kí a gba "Ogun" aláìlámì gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí ó lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ nǹkan, kí ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká yàn, bí kò bá sì dá a lójú, kí ó fi í sílẹ̀ láìyàn.

Ó dùn mọ́ mi láti sọ pé a kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ní ọdún 2021, àwọn Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Áfíríkà, gbé àkójọ MasakhaNER jáde lórí èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà nínú wọn. Nínú gbólóhùn ìwé ìròyìn ni wọ́n ti sàmì sí orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi, orúkọ àjọ àti ọjọ́. Ó dára fún àpẹẹrẹ ìpìlẹ̀. Wikipedia Yorùbá náà wà, tí àyọkà rẹ̀ ti lé ní 30,000; àwọn kan nínú wọn kò ju gbólóhùn méjì lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ níbẹ̀ sábà máa ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, ohun tí irú ẹ̀rọ yìí sì ń wá gan-an nìyẹn. Kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ti dán irú iṣẹ́ yìí wò: Estevam Hruschka, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ NELL, bá wọn gbé e lọ sí èdè Potogí lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì.

Oyèníyì K. fèsì pé:

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a má ṣe dá ẹ̀ka 123 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí a mú ìbátan kan ṣoṣo, ìyẹn ọba àti ìlú tí ààfin rẹ̀ wà, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka ìwé ìròyìn Yorùbá lójoojúmọ́ lórí rẹ̀, kí a sì wo bí ìwọ̀n òótọ́ rẹ̀ yóò ṣe rí bí oṣù bá ti ń lọ. Èmi yóò to apá ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ta ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé mo ti wá gbà pé ẹ̀rọ náà kò lè dá ṣe é.

Àkàndé Oníwèé fèsì pé:

Èmi àti Fọláhàn yóò máa pín ti bátànì ṣe. Bátànì ni kí a máa yẹ̀ wò ṣáájú orúkọ, nítorí pé bátànì burúkú kan lè kó ọgọ́rùn-ún orúkọ wọlé kí a tó mọ̀. Bí a bá fa igi lé bátànì náà, gbogbo ohun tí òun nìkan mú wá gbọ́dọ̀ bá a jáde. Èyí ni mo fẹ́ kí tiwa fi yàtọ̀ sí NELL àkọ́kọ́, tí kì í yọ ohun tó bá ti gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ọba àti ti ìlú, ẹni tó mọ ìtàn ló yẹ. Màmá, ṣé ẹ ó lè bá wa wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì?

Ìyá Àdùkẹ́ fèsì pé:

Màá wò ó, tayọ̀tayọ̀ ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ náà ní àpẹẹrẹ ohun tí kò tọ̀nà pẹ̀lú èyí tó tọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé Aláké àti Ẹ̀gbá kì í ṣe ọba àti ìlú, Aláké àti Abẹ́òkúta ni. Ọwá Obòkun, Iléṣà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà. Awùjalẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ẹ fi àwọn mẹ́ta yìí sí àárín àwọn àpẹẹrẹ ìpìlẹ̀, kí bátànì "ti" yẹn má baà rí ẹsẹ̀ dúró láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ẹ sì fi gbólóhùn tí ẹ̀rọ bá ti rí orúkọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ náà, nítorí pé n kò ní lè dá orúkọ lásán lẹ́jọ́.